Àtọ̀gbẹ ti sú mi: ṣé mo lè sinmi fún oṣù kan?

Ìbéèrè: Aláàdìrẹ ni mí ní Ìtọ́kú, ọmọ ọdún 58. Ó ti pé ọdún 15 tí mo ti ń bá àtọ̀gbẹ yí. Oògùn oníhóró ni mo kọ́kọ́ ń lò, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ ínsúlínì kún un, láàárọ̀ àti lálẹ́. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ti sú mi. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde, mi ò wọn ṣúgà mi mọ́. Abẹ́rẹ́ àárọ̀, mo máa ń gún un. Ti alẹ́, bó bá wù mí ni. Láti ìgbà tí mo fi òógùn jí lóru ọjọ́ kan, tí àwọn ọmọ sáré fún mi ní omi ṣúgà mu, kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí mọ́. Mo ti pa ọjọ́ kíníìkì méjì jẹ, torí mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì máa sọ. Àwọn ọmọ mi ń ṣọ́ ẹnu mi bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ṣé mo lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù kan péré kí ara mi sinmi?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ lè sinmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Ínsúlínì kò sí lára ohun tí a ń gbé kalẹ̀. Ẹsẹ̀ yíyẹ̀wò kò sí lára rẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ de ìgbà tí ṣúgà bá já wálẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Nínú èyí tó kù, ọ̀pọ̀ wà tí a lè dín kù, òmíràn sì wà tí a lè fi sílẹ̀ pátápátá, tí kò ní ba nǹkan kan jẹ́. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàrin àwọn alátọ̀gbẹ nílùú Abẹ́òkúta yìí, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá ní òun ò ṣe mọ́, ẹrù rẹ̀ ló pọ̀ jù, kì í ṣe pé ó lórí kunkun. Bí a bá tún fi ìwàásù kún ẹrù náà, yóò kúkú jù ú sílẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ka ẹrù náà wò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ti gún ìka, ẹ ti wo nọ́ńbà, ẹ ti gún abẹ́rẹ́, ẹ sì ti ń wo aago torí pé oúnjẹ kò gbọdọ̀ yá jù, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù. Ẹ dé ìsọ̀, oníbàárà ń ná aṣọ lọ́wọ́, ọkàn yín wà lọ́dọ̀ oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ lọ síbi ìnáwó, wọ́n gbé jọ́lọ́ọ̀fù síwájú yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Iná lọ, ínsúlínì wà nínú fíríìjì. Sítíríìpù tí a fi ń wọn ṣúgà tán, ó sì ti gbówó lórí. Kò sí ọjọ́ Àìkú níbẹ̀, kò sí ọjọ́ Iléyá, kò sì sí ẹni tó lè bá yín ṣe é fún ọjọ́ kan ṣoṣo kí ẹ lọ nà ẹ̀yìn. Ọdún 15 rèé. Ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá sú, òun gan-an ni ara mi máa fu sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tilẹ̀ ṣàjèjì sáwọn onímọ̀. Ní 1995, William Polonsky, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè 20 jáde tí a fi ń mọ bí àtọ̀gbẹ ṣe wọ ènìyàn lọ́kàn tó. Wọn ò béèrè iye ṣúgà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé: ṣé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi bí ẹ bá yà kúrò lójú ọ̀nà? Ṣé ọjọ́ iwájú ń bà yín lẹ́rù? Ṣé ó ń ṣe yín bíi pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀? Ṣé wàhálà ojoojúmọ́ rẹ̀ ti tán yín lókun? Ṣé àwọn ará ilé ń ràn yín lọ́wọ́ àbí wọ́n ń dá kún un? Lẹ́tà yín ti dáhùn púpọ̀ nínú wọn kí ẹnikẹ́ni tó bi yín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè náà dá lórí ìbẹ̀rù pé kí ṣúgà má lọ já wálẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró lé díẹ̀. Ẹ sáré kọjá lórí gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín: òru tí ẹ fi òógùn jí. Ẹ ní láti ìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ alẹ́ kò wù yín mọ́. Lójú tèmi, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà yín, ẹ̀rù ọ̀hún sì tọ́. Ẹni tí ṣúgà bá já lóru kì í gbàgbé. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ní lè bá yín tún un ṣe níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń pè é ní àárẹ̀ lásán.

Ínsúlínì tí wọ́n ń gún láàárọ̀ àti lálẹ́ báyìí, aládàpọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Apá kan nínú rẹ̀ ń yára ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ. Apá kejì ń rọra ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ á sì wá pọ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tí ẹ ti sùn. Bí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà bá kéré, tàbí tí ẹ gún abẹ́rẹ́ tán tí oúnjẹ pẹ́, ṣúgà á já. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹ rẹ aṣọ láró, tí ẹ ń fún un, tí ẹ ń sá a láti àárọ̀, iṣan ara yóò ṣì máa fa ṣúgà mọ́ra títí di òru, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí: lẹ́yìn ọdún 15, kíndìnrín lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, kíndìnrín tó bá sì ti ń rẹ̀ kì í tètè mú ínsúlínì kúrò lára. Ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó bá yín mu lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn lè ti pọ̀ jù fún yín báyìí.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣe ló yẹ kí dókítà dín in kù, tàbí kó yí irú ínsúlínì náà padà. Ẹ̀yin náà ti ń dín in kù láti ìgbà yẹn, ẹ kàn ń dín in kù nínú òkùnkùn ni, láìwọn nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ má ṣe padà sí gbogbo ìwọ̀n àtijọ́ lálẹ́ òní torí pé ẹ ka ohun tí mo kọ. Ẹ pe kíníìkì yín lọ́la, ẹ bi wọ́n léèrè iye tí ẹ ó máa gún lálẹ́ títí ẹ ó fi rí dókítà, kí ẹ sì rí i láàrin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ máa gún ti àárọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ má gún méjì pọ̀ láti fi rọ́pò èyí tí ẹ pa jẹ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ àyẹ̀wò kíndìnrín.

Ẹ gbé ṣúgà àti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí àyà ń já, tàbí tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà bá sọ iye tó kéré sí 70 mg/dL, ẹ po ṣíbí ìmutíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi díẹ̀, ẹ mu ún, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún òmíràn mu. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ nǹkan lé e. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bá Màmá kà á: bó bá dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ti fíríìjì kò le. Ìgò ínsúlínì tí ẹ ti ṣí lè wà níta fíríìjì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ibi tó wà bá tutù tí oòrùn kì í dé ibẹ̀. Bí ooru bá mú jù, ẹ fi sínú ike tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ gbé ike náà sínú ìkòkò amọ̀ tí ẹ ń rin ara rẹ̀ lómi. Kí ẹ má tìtorí iná máa sáré láti ìsọ̀ wálé.

Ó wá kan oúnjẹ, níbi tí mo rò pé wọ́n ti di ẹrù lé yín lórí jù láìnídìí. Ẹnu kan náà ni gbogbo Abẹ́òkúta fi ń sọ ọ́: alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan láfún, kó máa jẹ wíìtì, kó máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbá, kí wọ́n ní kó má jẹ láfún fún ọdún 15! Láfún máa ń di ṣúgà kíákíá nínú ẹ̀jẹ̀, òótọ́ ni. Wíìtì náà ń di ṣúgà. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń di ṣúgà. Mo ti rí àwọn tó ń jẹ wíìtì gàgàrà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tí ẹnu sì ń yà wọ́n pé ṣúgà àwọn kò wálẹ̀, nígbà tí orúkọ oúnjẹ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Bí ó ṣe tóbi tó àti ohun tó bá a wọnú àwo ló ṣe kókó. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo: ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, èyí tó bá wà lọ́jà. Kí ẹja tàbí ẹran gba ìdajì ìdajì tó kù. Láfún yín ló ni àyè tó ṣẹ́kù, kó má tóbi ju ìkúùkù yín lọ. Ẹ jẹ ẹ́ lọ́sàn-án nígbà tí ẹ ṣì ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá wọn ṣúgà ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ó mọ bí ó ṣe ń ṣe yín gan-an, ẹ ò sì ní tún máa bi aládùúgbò léèrè mọ́. Ìrẹsì Ọ̀fàdà náà ń kọ́? Wọn kì í bó o dé funfun, ó sì sàn ju ìrẹsì funfun lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹ ẹ́ níwọ̀n. Ẹ dẹ́kun síse ìkòkò méjì, torí àwo tí mo júwe yìí, gbogbo ilé ló lè jẹ ẹ́. Ìkòkò kejì yẹn wà lára ohun tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ ò sọ ọ́, àmọ́ bí ó bá ti sú àwọn ènìyàn báyìí, wọ́n máa ń rò pé gbogbo wàhálà àtẹ̀yìnwá ti já sófo, pàápàá bí wọ́n bá ti bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Wọ́n ń pè é ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni agbára ara láti ṣe ínsúlínì fúnra rẹ̀ ń dín kù, kódà lára ẹni tó ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Láàrin 1977 sí 1991, àwọn dókítà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ènìyàn 5,102 tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jọ, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí èsì jáde ní 1998, wàhálà ojú àti kíndìnrín kò pọ̀ lára àwọn tí wọ́n mú ṣúgà wọn wálẹ̀ gidi tó ti àwọn yòókù. Gbogbo ènìyàn ti retí ìyẹn. Èyí tí wọn ò retí ni ti 2008. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn tí ìwádìí parí tí ṣúgà ìhà méjèèjì fi di ọgbọọgba, síbẹ̀ títí di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú ara wọn ṣì ń jèrè rẹ̀, ìkọlù ọkàn pàápàá kéré láàrin wọn. Màmá, àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí ẹ fi ṣe é bó ti yẹ ṣì wà lára yín. Kò sọ pé kí ẹ jókòó lé e, ṣùgbọ́n ẹ ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ṣúgà wíwọ̀n náà ṣe é dín kù. Lẹ́yìn tí dókítà bá yí abẹ́rẹ́ padà, ẹ ó wọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìyẹn kò ṣe é yẹ̀. Bí ó bá ti dúró sójú kan, ẹ bi dókítà bóyá ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lè tó, kí ẹ tó jẹun àárọ̀ àti kí ẹ tó jẹun alẹ́, yàtọ̀ sí ìgbà tí ara yín kò bá dá. Ẹ gún ẹ̀gbẹ́ ìka, ẹ má gún orí rẹ̀. Kì í dunni tó bẹ́ẹ̀. (Ẹ̀yin tó ń lo oògùn oníhóró metformin nìkan, ẹ̀yin kò tilẹ̀ nílò kí ẹ máa gún ìka lójoojúmọ́.) Àyẹ̀wò HbA1c tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn máa ń sọ bí ṣúgà ṣe ń lọ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. A sábà máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 7%, àmọ́ ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń já lóru, dókítà lè gbà á láyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ béèrè. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, 130 kò pè yín ní ọmọlúwàbí, 280 kò sì pè yín ní ọ̀lẹ. Ohun tó kàn láti ṣe ló ń sọ.

Ti nọ́ọ̀sì tí ẹ ń sá fún: ẹgbẹ́ mi ni wọ́n, mo sì mọ̀ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ lójú wa lọ́jọ́ kíníìkì. Síbẹ̀, igbe kì í mú ṣúgà wálẹ̀, ilé ló ń lé aláìsàn padà sí. Kí wọ́n tó ṣí fáìlì yín, ẹ yára sọ tiyín: “Láti ìgbà ọdún Àjíǹde, mi ò wọn ṣúgà. Abẹ́rẹ́ alẹ́ ń bà mí lẹ́rù torí ṣúgà já lóru. Ó ti sú mi, ẹ má bá mi jà, ẹ bá mi mú èyí tí agbára mi ká.” Bí ẹnì kan bá ṣì jágbe mọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní dókítà lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ má purọ́ fún wọn nípa abẹ́rẹ́ tí ẹ kò gún. Bí wọ́n bá rò pé ẹ ń gún un tí ṣúgà sì ga, ṣe ni wọ́n á fi kún un, ọjọ́ tí ẹ bá wá gún gbogbo rẹ̀, ewu dé.

Ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń rẹ aṣọ fúnra yín, ẹ mọ ohun tí kọ́sítíìkì sódà ń ṣe sí awọ ara. Àtọ̀gbẹ ọlọ́dún gbọọrọ máa ń pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀, sódà lè ta sí yín lẹ́sẹ̀ kó jó o, kí ẹ má mọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bàtà rọ́bà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ nídìí aró, kì í ṣe sálúbàtà. Lálẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ dé ibẹ̀, kí ọmọ-ọmọ bá yín wò ó. Kò gbówó, kò gún yín, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀yin ọmọ, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, pàápàá lẹ́yìn òru ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń bi ní “Màmá, kí lẹ tún jẹ?” lójoojúmọ́ yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Ẹ pín iṣẹ́ láàrin ara yín. Kí ẹnì kan máa ra sítíríìpù, kí ẹnì kan máa bá wọn lọ sí kíníìkì, kí ẹnì kan máa jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ń gún abẹ́rẹ́ alẹ́, kó máa bá wọn tàkúrọ̀sọ ohun mìíràn. Ohun tó bá wọ ẹnu Màmá, kí ó di ti Màmá.

Ó ku ohun kan tí mi ò lè fi lẹ́tà mọ̀. Bí ó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ nìkan ló sú yín, tí ọjà ṣì ń wù yín, tí ẹ ṣì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí ló bá yín mu. Bí ó bá jẹ́ pé ohun gbogbo ti sú yín, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí oorun kò wá, tí kò sí ohun tó dùn mọ́ yín, tàbí tó ń ṣe yín bíi kí ẹ kúkú lọ, àìsàn ìsoríkọ́ nìyẹn, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Ó máa ń mú àwọn alátọ̀gbẹ tó ìlọ́po méjì àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ. A máa ń fi orúkọ Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ṣe yẹ̀yẹ́ nílùú yìí, síbẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti 1954, nígbà tó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nítorí ìsoríkọ́, oògùn àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló lọ gbà. Bó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ kúkú lọ, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé lónìí yìí, kó sì bá yín lọ.

Fún oṣù kan, nígbà náà: ẹ jáwọ́ nínú ìkòkò kejì, nínú wíwọ̀n tí kò pọn dandan, nínú àlàyé fún gbogbo ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá, àti nínú ìtìjú kíníìkì. Àmọ́ bí ẹ bá ń bì tí oúnjẹ kò dúró, bí òùngbẹ àti ìtọ̀ kò bá dáwọ́ dúró, bí ẹ̀rọ bá sọ ju 300 lọ lẹ́ẹ̀mejì léra, bí ojú bá ṣàdédé ṣú, tàbí tí ẹ rí egbò lẹ́sẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má dúró de ọjọ́ kíníìkì, ẹ má sì kọ́kọ́ lọ ra àgbo. Ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà, Ìjàyè tàbí Lántòrò, èyí tó bá sún mọ́ yín jù lọ́jọ́ náà ni kẹ́ ẹ wọkọ̀ lọ.